Ọjọ́ 5 létí òkun Gánà: èmi, màmá mi àti ilé olódi Elmina

Fúráìdeè

Aago 7 ò tíì lù tí a ti wà ní gáréèjì Kaneshie ní Accra, èmi àti màmá mi, a wọ tro-tro tó ń lọ Cape Coast. Gbogbo ọ̀nà yẹn ò ju nǹkan bíi kìlómítà 145 lọ, àmọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó wà ní Kasoa fẹ́ẹ̀ jẹ ìdajì àsìkò wa, oòrùn ń mú, àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, ṣe ló dà bíi pé Mọ́wé ni mo wà. Nígbà tí a kọjá Mankessim tí atẹ́gùn òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé wọlé, màmá mi kàn dákẹ́ ni, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Cape Coast ni wọ́n bí màmá mi sí. Bàbá wọn ń tajà ní Kotokuraba, ìyẹn ọjà ńlá ìlú náà, ibẹ̀ ni wọ́n wà ní November 1969 tí ìjọba Gánà fi ní kí gbogbo àjòjì tí ò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ti 1983, ìyẹn Ghana Must Go tí àwa lé àwọn, ni gbogbo èèyàn mọ̀, ti 1969 tó ṣáájú kì í sí nínú ọ̀rọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àìmọye ọmọ Yorùbá ló pàdánù ilé àti ṣọ́ọ̀bù nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún 7 ni màmá mi nígbà náà. Ìbàdàn ni wọ́n padà sí, aṣọ ni wọ́n sì ń tà ní Gbági láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí mi ò lè kà. Wọn ò padà dé Gánà rí. Èmi ni mo sọ pé Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ, kí a lọ wo àwọn ilé olódi tí òyìnbó kọ́ sétí òkun, kí ẹ sì tún fojú yín rí ibi tí wọ́n bí yín sí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ohun kan tún wà. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí màmá mi, Araba ni wọ́n máa ń pe màmá mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Èmi máa ń rò pé igi àràbà ni, torí màmá mi ga, wọ́n sì sígbọnlẹ̀. Mi ò bi wọ́n léèrè rí.

A sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí omi ò yọ nínú ẹ̀, a fi omi inú garawa wẹ̀, ó parí.

Sátidé

Kotokuraba la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti wó ọjà àtijọ́, wọ́n ti kọ́ tuntun, ilé alájà gàgàrà, màmá mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì wọn ò rí ohunkóhun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ilé àwọn wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ata, pé igi kan wà níwájú ẹ̀. Kò sí igi. Mo fẹ́ sọ nǹkan tí á tù wọ́n nínú, mi ò rí i sọ. Àfi ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ dúdú, mo bi í pé kí lẹ ń pe èyí, ó ní "alata samina". Ojú màmá mi là! "Alata, àwa nìyẹn! Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, ọṣẹ àwọn Alata." Wọ́n ra mẹ́rin. Wọ́n lé àwọn èèyàn lọ láti 1969, orúkọ wọn ṣì wà lára ọṣẹ títí dòní, inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Ọ̀sán la dé ilé olódi Cape Coast. Funfun ni, orí àpáta ló jókòó lé, òkun ń lù ú nídìí. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣe odi ní 1653, ó gba ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn kọjá kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á ní nǹkan bíi 1665, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olú ilé ìjọba wọn títí di 1877 tí wọ́n gbé e lọ sí Accra. Ẹni tó mú wa káàkiri jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin onísùúrù, ó ń pe màmá mi ní "Mama", ó sì di ọwọ́ wọn mú nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àjàalẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin sí.

Òkùnkùn ibẹ̀, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀. Ihò kékeré kan lókè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, ọkùnrin náà ní ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àti èébì àwọn èèyàn ló gbẹ mọ́ ara wọn tó le bẹ́ẹ̀. Ó wá tan iná fóònù ẹ̀ sókè, ó ní lókè orí wa gan-an báyìí ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà.

Àmọ́ ohun tó mú mi lọ́kàn jù wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó lọ sí òkun wà kí wọ́n tó dí i pa. Ojúbọ kan wà níbẹ̀. Nana Taabiri. Wọ́n ní àpáta tí wọ́n kọ́ ilé yìí lé, ilé Taabiri ni, ọ̀kan nínú òrìṣà 77 tí ìlú Oguaa ní, Oguaa ni àwọn onílé ń pe Cape Coast. Òyìnbó lé e kúrò lórí àpáta ẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sí i, nígbà tí ilé ọ̀hún bọ́ lọ́wọ́ wọn àwọn onílé tún gbé ojúbọ padà síbẹ̀. Màmá mi, ọmọ ìjọ Àgùdà pọ́ńbélé ni wọ́n o, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ níwájú ẹ̀, wọ́n ní "Ẹ kú àbọ̀." Ìyẹn nìkan.

A gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà jáde. Ìta ẹ̀, àwọn apẹja ló wà níbẹ̀ báyìí, ọkọ̀ aláwọ̀ mèremère, àwọn ọmọ ń ṣeré. Tí o bá yíjú padà wo ẹnu ọ̀nà láti ìta, àkọlé mìíràn ni wàá rí, ti ìpadàbọ̀. Ní 1998 wọ́n gbé òkú èèyàn 2 tó jẹ́ ọmọ ẹrú, ọ̀kan láti Jamaica, ìkejì láti Amẹ́ríkà, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé padà, wọ́n sì lọ sin wọ́n ní Assin Manso, létí odò tí wọ́n ti máa ń wẹ̀ fún àwọn ẹrú kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wọn dé etí òkun.

Sọ́ńdè

Màmá mi lọ máàsì àárọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ a wọ mọ́tò lọ Elmina, kò ju kìlómítà 13 lọ. Edina ni àwọn ọmọ ìlú ń pè é. Ó ṣì kù díẹ̀ ká dé tí mo ti rí i lókèèrè, ilé funfun gbọ̀ngbọ̀n kan láàárín òkun àti odò, bíi pé ẹnì kan gbé e kalẹ̀ láti fi dí ẹnu odò.

Odò yẹn, Benya ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn Elmina, Potogí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú wà kí Potogí tó dé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kwaa Amankwaa ló tẹ ibẹ̀ dó, pé òun ló rí odò náà nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì sọ ọ́ lórúkọ pé omi rèé, a ti rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìlú náà nígbà kan ní Anomansa, omi tí a mu tí kò tán. Òrìṣà ni odò Benya fún wọn, àwọn àpáta tó wà lẹ́nu odò sì ni ibùjókòó ẹ̀.

January 1482 ni ọ̀gágun Potogí kan, Diogo de Azambuja, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin tó tó 600, sójà bíi 500, bíríkìlà àti káfíńtà bíi 100, òkúta tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ní Portugal wà nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n bẹ ọba ìlú kí ó fún àwọn nílẹ̀. Ọba yẹn, Caramansa ni àwọn akọ̀wé Potogí kọ orúkọ ẹ̀ sí, Kwamena Ansa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ báyìí. Èsì tó fọ̀ fún wọn wà nínú ìwé àwọn Potogí fúnra wọn. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ tó ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìfẹ́ wọn máa ń dùn ju ti àwọn tó jọ ń gbé. Ó ní kí wọ́n wo òkun àti ilẹ̀ bí wọ́n ṣe múlé ti ara wọn, òkun ń fi agbára fẹ́ gba ilẹ̀, ilẹ̀ ní òun ò gbà, ìjà ò tán láàárín wọn láéláé. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún màmá mi níbi tí a dúró sí lórí afárá, wọ́n mi orí, wọ́n ní "Àgbà ni bàbá yẹn. Ó ti rí gbogbo ẹ̀."

Wọ́n sáà tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpáta ẹnu odò láti fi kọ́ ilé, àwọn ará ìlú rí i pé ibùjókòó òrìṣà àwọn ni wọ́n ń fọ́, wọ́n yọ sí wọn, ìjà ṣẹlẹ̀, àwọn kan fara gbọgbẹ́, ẹ̀bùn ni Azambuja fi pẹ̀tù sí i, ilé náà sì ga sókè. Lára àpáta Benya ló wà nínú ògiri tí mo fọwọ́ kàn lónìí. Wọ́n ní kò sí ilé tí òyìnbó kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara tó ṣì dúró tó dàgbà tó o.

Góòlù ni wọ́n torí ẹ̀ wá, ohun tí orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí náà nìyẹn, ibi ìwakùsà. Ibí yìí wá ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀ rí. Níbẹ̀rẹ̀, ẹrú kọ́ ni Potogí ń kó jáde ní Elmina, ṣe ni wọ́n ń kó ẹrú WÁ síbẹ̀. Láti apá Bìní àti àwọn odò ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà wọ́n, wọ́n á wá fi pààrọ̀ góòlù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Akan tó ń wá ẹni tí á ru ẹrù àti ẹni tí á ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn apá ọ̀dọ̀ wa ti gba ẹnu odò yìí kọjá ní nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn. Mo jókòó lórí òkúta, mi ò lè rìn fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ilé àwọn ẹlòmíì ni mo wá wò.

Nínú ọgbà ilé náà, ṣọ́ọ̀ṣì Potogí wà láàárín gbùngbùn. Ní 1637 àwọn ará Holland gbé ìbọn àgbá gun òkè tó dojú kọ ọ́, wọ́n yìn ín títí Potogí fi jọ̀wọ́ ẹ̀. Màmá mi ní "Holland? Ṣé Holland tó ń ṣe Hollandis náà ni?" Mo ní àwọn náà ni Màmá. Wọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì Potogí padà sí ibi ìtajà, wọ́n wá ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn sí orí òkè. Títí dòní wọ́n kọ ọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní èdè wọn, ẹni tó mú wa káàkiri túmọ̀ ẹ̀, màmá mi ò jẹ́ kó parí, wọ́n ní Sáàmù 132 nìyẹn, "Èyí ni ibi ìsinmi mi láéláé, níhìn-ín ni èmi ó máa gbé." Wọ́n wo ojú fèrèsé, àgbàlá àwọn obìnrin ẹrú ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní "Ìsinmi ta ni?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Àgbàlá yẹn gan-an. Gómìnà á dúró sí bákónì lókè, wọ́n á kó àwọn obìnrin jáde láti àjàalẹ̀, ó á tọ́ka sí èyí tó wù ú, wọ́n á wẹ̀ fún un, wọ́n á gbé e gba àtẹ̀gùn kékeré kan lọ sí yàrá gómìnà. Èyí tó bá kọ̀, wọ́n á fi ọta àgbá tó wúwo dè é mọ́ ẹsẹ̀ nínú oòrùn lójú gbogbo èèyàn, ọta náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Màmá mi tẹ̀ bá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, wọ́n ní ó gbóná.

Yàrá kan wà tí wọ́n gbẹ́ agbárí sókè ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹrú tó bá ṣọ̀tẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń ti í mọ́ títí á fi kú, kò sí oúnjẹ kò sí omi. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń ti àwọn sójà òyìnbó tó bá ṣẹ̀ mọ́, ìyẹn ní fèrèsé. Lókè, wọ́n fi yàrá tí wọ́n ti Asantehene Prempeh Kìíní, ìyẹn ọba àwọn Asante, mọ́ hàn wá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un ní 1896, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n gbé e lọ Sierra Leone, wọ́n tún gbé e lọ erékùṣù Seychelles ní 1900, ọdún 1924 ló tó padà wálé.

Ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn kéré gan-an. Èèyàn kan ṣoṣo ló lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sanra gan-an kò lè gbà á, wọ́n sì ní ìyà tí wọ́n ti jẹ níbẹ̀ ti mú kí gbogbo wọn gbẹ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Mo fi apá mi wọ̀n ọ́n. Mi ò ya fọ́tò níbẹ̀.

Mọ́ńdè

Òní fúyẹ́ díẹ̀. A gun òkè tí àwọn ará Holland gbé àgbá gùn, odi kékeré kan wà lórí ẹ̀ báyìí, St. Jago. Láti òkè yẹn lo ti máa rí gbogbo ẹ̀ pọ̀: ilé olódi, odò Benya, ọkọ̀ apẹja bíi igba tó kún ẹnu odò fọ́fọ́, àsíá, ariwo, èéfín ẹja yíyan. Mo tún rí ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi tó ṣófo. Ibẹ̀ ni ìlú Edina àtijọ́ wà. Nígbà tí Holland ta ilé olódi fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1872, àwọn ará Edina ní àwọn ò mọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò bi àwọn léèrè kí wọ́n tó tà wọ́n, àwọn àti Asante ló sì jọ ń ṣe. June 1873 ni Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí ìlú náà, wọ́n jó o, wọ́n wó o palẹ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ padà. Àwọn tọ́ríìsì ń gba orí ẹ̀ kọjá lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí àkọlé ńlá wà níbẹ̀, èrò tèmi nìyẹn.

Òkè mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Java Hill, ti ibí yìí ni màmá mi gbádùn jù. Láti 1831 títí di 1872, Holland kó àwọn ọkùnrin dúdú bíi 3,000 láti etíkun yìí lọ ṣe sójà fún wọn ní Indonesia. Àwọn tó padà dé, orí òkè yẹn ni wọ́n fún wọn nílẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn sójà yìí kó aṣọ batik bọ̀ wá fún ìyàwó àti ìyá wọn, aṣọ tí wọ́n ń fi ìda ṣe ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́, pé ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ará Holland mọ̀ pé àwọn obìnrin ìhín yóò fẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní ìda tí wọ́n ń lò yẹn, ẹ̀kọ ni tiwa, bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ní ọdún mélòó làwọn fi ń ta Hollandis ní Gbági, àwọn ò mọ̀ pé sójà ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ rù délé. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn: ẹni tó yin àgbá yẹn ní 1637 náà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí àwọn obìnrin, òun náà ló ń ta aṣọ tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó.

A rìn wọ inú ìlú. Àwọn ẹgbẹ́ jagunjagun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Asafo ní ojúbọ oníkọnkéré láàárín ìlú, posuban lorúkọ ẹ̀, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà lóríṣiríṣi, ọ̀kan rí bí ọkọ̀ ojú omi, òmíràn ní ère Ádámù àti Éfà. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé wa. A jẹ kenkey, ti Fante, ìyẹn àwọn ará etíkun yìí, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ó rọ̀ ju ti Accra lọ, ó sì fẹ́ jọ ẹ̀kọ tó kan díẹ̀, pẹ̀lú ẹja dídín àti ata. Màmá mi jẹ 2.

Obìnrin tó tà á fún wa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdún Bakatue, Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù July. Kí ọjọ́ náà tó pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sínú ọ̀sà Benya fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá di ọjọ́ náà, wọ́n á fi iṣu tí wọ́n gún tí wọ́n po mọ́ epo pupa, pẹ̀lú ẹyin, bọ Nana Benya, àwòrò á ju àwọ̀n sínú omi lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà yẹn ni ọ̀sà tó ṣí. Iṣu, epo, ẹyin! Mo ní èyí kì í ṣe àjèjì sí wa o, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Túsìdeè

Ọjọ́ tí a ń lọ. Mo jí ní kùtù, mo lọ sórí afárá torí mo fẹ́ rí bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń jáde. Kò sí ìkankan tó jáde. Gbogbo ọkọ̀ tí mo rí lánàá ló so mọ́lẹ̀, odò náà dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọkùnrin jókòó sílẹ̀ wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo bi ọ̀kan pé kí ló dé, ó wò mí bí ẹni tí ò mọ ọjọ́, ó ní Túsìdeè ni, ọjọ́ òkun ni, a kì í pẹja. Odindi ìlú, gbogbo ọ̀sẹ̀. Potogí lo ọdún 155 níbẹ̀, Holland lo 235, Gẹ̀ẹ́sì lo 85, wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n wó ìlú, àmọ́ ní Túsìdeè omi ṣì ń sinmi.

Màmá mi wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n fẹ́ ra ẹja tí a ó gbé délé. Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ní ti òní ò sí o, ti àná ló kù. Wọ́n ní kò burú, wọ́n ń ṣa èyí tó wù wọ́n. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Fante díẹ̀ tí wọ́n ṣì rántí, obìnrin náà pariwo, ó ní níbo lẹ ti kọ́ ọ, wọ́n ní Cape Coast ni wọ́n bí àwọn sí. Ó ní ọjọ́ wo? Màmá mi ní Túsìdeè.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Ei, Araba!"

Ó fi ẹja 3 lé e.